Irun Ọmọ Mi Nínú Agolo

Orí itan mi ni ọmọ mi jókòó sí nínú mọ́tò akẹ́rù lọ́jọ́ tí a kó kúrò ní Ifọ̀. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, ó di àga mú kí ó má baà já bọ́. Ọmọ náà kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi kọjá Sángò. Nígbà tí yóò sì sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Mọ́mì, ṣé ọ̀rẹ́ mi mọ ibi tí à ń lọ?"

"Ó mọ̀ ọ́n," ni mo sọ.

Irọ́ ni mo pa. Èmi gan-an kò dé Mówè rí nígbà náà, mo kàn mọ̀ pé ó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn ni. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọbìnrin kékeré tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní Ifọ̀ pé a kò ní padà wá mọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ lọ́sàn-án, àwọn ọmọ méjèèjì á sáré lọ dúró lórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan, wọ́n á máa ka kóòṣì rẹ̀. Ọ̀kan máa ń ka orí ọkọ̀ mọ́ ọn, èkejì kì í kà á, nítorí náà iye tí wọ́n ń rí kì í bá ara mu, wọ́n á sì máa jiyàn bọ̀ wálé. Lọ́jọ́ tí à ń kó lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nílé ẹ̀kọ́. Mo ti mọ̀ pé yóò wà nílé ẹ̀kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a lọ láàárọ̀. Mo sọ fún ara mi pé mi ò fẹ́ kí wọ́n sunkún, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, èmi ni mi ò fẹ́ rí ẹkún wọn.

"Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a máa padà lọ kí i," ni mo fi kún un.

Sátidé náà dé, a kò lọ. Láti Mówè dé Ifọ̀ nígbà náà, mọ́tò mẹ́ta lèèyàn máa wọ̀. Sátidé kejì dé, ọmọ náà kò béèrè mọ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé irú ìyá tí mo jẹ́ nígbà náà, nítorí pé láìsí àlàyé yìí, ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà á dà bí ìwà ìkà lásán. Mo ṣì wà ní yunifásítì nígbà tí mo bí ọmọ náà. Ìyá mi ló tọ́jú rẹ̀ títí mo fi parí ẹ̀kọ́ mi, tí mo sì fi ọdún kan sin ilẹ̀ bàbá mi gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí à ń kó lọ sí Mówè, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ní ti gidi, kò ju ọdún méjì lọ tí mo fi jẹ́ ìyá rẹ̀. Mo máa ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n yá ní ohun tó lè fọ́. Tó bá wúkọ́, àyà mi á já. Tó bá dákẹ́, àyà mi á já jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí ìyá mi fà á lé mi lọ́wọ́, wọ́n ka ohun tí ọmọ náà ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ fún mi, wọ́n sì wá sọ ọ̀rọ̀ kan nípa irun rẹ̀.

"Ìwọ ni kí o máa dì í o. Tí ẹlòmíràn bá sì bá ọ dì í, rí i pé o gba irun tí òòyà bá fà yọ. Má fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Kẹ́mísírì ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ ohun tí irun jẹ́, mo lè kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá mi wò mí títí mo fi rẹ́rìn-ín tán.

"Rẹ́rìn-ín o," ni wọ́n wí. "Ṣáà gbà á."

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò mọ irun dì. Tí mo bá di tọmọ náà, ọ̀nà inú rẹ̀ á wọ́, kò sì ní pé ọjọ́ mẹ́ta tí yóò fi tú. Mo ń dì í bẹ́ẹ̀, mo ń kó irun tó já, mo sì ń jù ú sínú ṣáláńgá. Mo ń sọ fún ara mi pé mi ò gba nǹkan wọ̀nyí gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ju ẹyọ kan nù síta rí.

Ọkọ mi ń bá sọ̀fíyọ̀ kan ṣiṣẹ́. Nígbà náà, àwọn ará Èkó ti ń ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ń wọn ilẹ̀ ni à ń kó tẹ̀ lé iṣẹ́ lọ. Ilé tí a rí ní Mówè jẹ́ oníyàrá mẹ́fà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, kànga wà lẹ́yìn, igbó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kànga parí sí. Yàrá tó kọjú sí tiwa, káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn kan. Apá Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá. Ìyàwó náà máa ń di irun fún àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, gbogbo ilé sì ń pè é ní Onídìrí. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Bó ti jù mí lọ tó yẹn, "ẹ" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, "àǹtí" ló sì ń pè mí nítorí pé mo kàwé. Èyí gan-an kọ́kọ́ fu mí lára. Mò ń rò ó pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ní Mówè, ọmọ mi kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo àwọn ọkọ̀ tó ń sáré lọ lójú márosẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ní kí ó máa kà wọ́n. Ó ní wọn kò ní kóòṣì. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé mo ti ba nǹkan kan jẹ́ nínú rẹ̀ tí mi ò ní lè tún ṣe, pé bóyá ọmọ tí a bá gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nírú ọjọ́ orí yẹn kò ní lè yan ọ̀rẹ́ mọ́. Mo máa ń rò ó tí mo bá ń fọṣọ. Mo máa ń rò ó nínú ọkọ̀. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ nílé ayé nígbà náà ju pé kí ọmọ náà tún ní ọ̀rẹ́ kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú yàrá. Mo yọjú. Òun àti ọmọ Onídìrí ló jókòó lórí àpótí kan ṣoṣo, ìrèké kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ọ̀kan láti orí, èkejì láti ìdí, wọ́n ń wò ó bí wọn yóò ṣe pàdé láàárín. Omi bọ́ lójú mi. Kí n tó nu ún tán, ọkàn mi ti ń bi mí pé ta ló fún wọn ní ìrèké.

Onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń di irun ẹnì kan. Ó rí mi.

"Àǹtí, ẹ wo àwọn arúgbó méjì. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí tiyín yẹn?"

"Kí ló dé?"

"Ọjọ́ Ẹtì ni mo bí tèmi. Ìwà wọn jọra, mo ní bóyá ọjọ́ kan náà ni."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni," ni mo sọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí ọmọ mi. Mi ò mọ ìdí tí mo fi purọ́, àfi pé mo rò ó pé kò yẹ kí ẹni tí mi ò mọ ìdílé rẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ mi. Mo wọlé, ojú sì ń tì mí fún irú ìrònú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò ní kí n jáde lọ sọ òótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ sí Èkó fún intafíù iṣẹ́. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, ó sáré wá pàdé mi lójú ọ̀nà, ó ń yí orí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí n lè rí i. Wọ́n ti di pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀nà inú rẹ̀ tọ́ bí ìlà ìwé. Kò rẹwà bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ ìyá mi.

"Ta ló di irun fún ẹ?"

"Ìyá ọ̀rẹ́ mi. Dádì ní kí n lọ jókòó lọ́dọ̀ wọn."

"Irun tó já ńkọ́?"

"Wọ́n kó o pa mọ́."

Mo fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n sọ pé ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní irun ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí kò gùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè rẹ̀, mo ti fi hàn án pé mo gbà pé wọ́n lè fi ṣe nǹkan, èmi tí wọ́n ń pè ní àǹtí. Bí mi ò bá sì béèrè, irun ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní màá béèrè lọ́la. Lọ́la dé, mo rí i nídìí kànga, mo kí i, ó kí mi, ó wò mí bí ẹni tó ń retí nǹkan, mo sì gbé omi mi kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Onídìrí tún di irun fún ọmọ mi, ṣùkú ni lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ náà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Onídìrí. Mo máa ń dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, màá máa wo ohun tó ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i tó ń bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa pẹ̀lú agolo mílíìkì ńlá kan tó ní ìdérí. Nígbà àkọ́kọ́, mo gbé ohùn kékeré jáde, mo ní mò ń sùn. Nígbà kejì, mi ò dáhùn rárá, mo mí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi padà. Mò ń bi ara mi pé kí ló wà nínú agolo tí ènìyàn ń gbé lọ gbé bọ̀ báyìí, tí kò jẹ́ gbé e fún èèyàn ní gbangba.

Ọjọ́ tó di irun fún ọmọ mi nígbà kẹta ni mo rí i. Mo ti ilé ìdáná bọ̀, fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó kó irun tó wà lórí òòyà sínú àkísà kékeré kan, ó ká a, ó sì fi òwú dúdú wé e ní ọ̀pọ̀ ìgbà kí ó tó ta kókó. Ó wá ṣí agolo náà. Mo rí méjì mìíràn nínú rẹ̀ tí wọ́n dì bákan náà. Ó fi èyí tó dì lé wọn, ó dé e, ó sì gbé agolo náà sórí pẹpẹ, lẹ́yìn bíbélì ọkọ rẹ̀.

Òwú dúdú. Gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ láti kékeré nípa òwú dúdú jáde sí mi lórí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé onídìrí ni, pé òwú tó fi ń kó irun àwọn obìnrin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé bó bá jẹ́ káfíńtà ni, ìṣó ni ì bá lò. Mo wọlé, mo pe ọmọ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú irun tí wọ́n dì fún un. Ó sunkún títí mo fi tú u tán.

"Kí ni mo ṣe?" ló ń bi mí.

Mi ò lè sọ òótọ́ fún un. Mo wá ohun tó bọ́gbọ́n mu, ohun tí ẹni tó kàwé lè sọ.

"Òòyà tí wọ́n fi ń ya orí gbogbo èèyàn máa ń kó làpálàpá ranni. O kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́."

"Ṣé ọ̀rẹ́ mi ní làpálàpá?"

"Bóyá."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni mo sọ. Lọ́jọ́ kejì, nídìí kànga, níbi tí èmi, Onídìrí àti àwọn obìnrin mìíràn ti ń fa omi, ọmọ Onídìrí pe ọmọ mi pé kí ó wá ṣeré. Ọmọ mi sì sọ fún un pẹ̀lú ohùn tó mọ́lẹ̀ kedere, bí ọmọ tó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu: "Mọ́mì mi ní làpálàpá wà lórí ẹ. Wọ́n ní òòyà ìyá ẹ ló ń kó o ràn yín."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín. Onídìrí fa omi rẹ̀ tán. Ó gbé e rù, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé ògiri ni mí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo rí obìnrin kan tó mú òòyà tirẹ̀ wá láti ilé. Ẹlòmíràn kò wá mọ́. Ọmọ rẹ̀ wá ń wé gèlè kékeré kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí làpálàpá kankan lórí ọmọ náà. Tó bá ti dé lọ́sàn-án, á dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwọn pẹ̀lú gèlè náà lórí, á máa wo tiwa. Ọmọ mi náà á jókòó lórí àpótí, á máa wo márosẹ̀. Ó ti padà sí bó ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Mo rí i. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Síbẹ̀ tí mo bá rántí agolo yẹn lẹ́yìn bíbélì, mo máa ń sọ fún ara mi pé kí ọmọ dákẹ́ sàn ju kí ó kú lọ.

Mo sọ fún ọkọ mi níkẹyìn. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín ní kẹ́mísírì nìyẹn?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kó kúrò níbí."

"A ṣáà máa kó. Wọ́n ti parí ti ibí, Ìbàfò ni iṣẹ́ kàn."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí pé Ìbàfò ni. Ifọ̀ ni kí o sọ pé a ń padà sí."

"Ìbàfò tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti ibí? O ò ní máa lọ sọ́jà ni?"

"Ìwọ ṣáà sọ pé Ifọ̀ ni."

Báyìí ni mo ṣe sọ fún gbogbo ará ilé pé Ifọ̀ là ń padà sí. Mo tilẹ̀ fi kún un pé ọmọ náà ń sunkún ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó wà níbẹ̀, kí Onídìrí lè gbọ́. Bí mo ṣe rò ó nìyí: bí kò bá mọ ibi tí a wà, kò sí ohun tó lè fi irun náà ṣe. Mo mọ̀ pé ìrònú náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó bá lè fi irun ṣe èèyàn ní ibi, kí ló fẹ́ fi àdírẹ́sì ṣe? Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò bá mi jiyàn.

Lọ́jọ́ tí à ń kó lọ, a ti di ẹrù tán, dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè. Mo ti gbé ọmọ sí iwájú. Onídìrí jáde láti yàrá rẹ̀, ó gbé agolo náà dání, ó sì wá tààrà sí ọ̀dọ̀ mi. Kò sí kọ́tìnnì láàárín wa mọ́.

"Àǹtí, ẹ wọlé, mo fẹ́ rí yín."

"A ti ń lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ wọlé."

Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá wa tó ti ṣófo. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì na agolo náà sí mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Irun ọmọ yín nìyí. Ní ilé wa, ẹni tó bá di irun ọmọ ọlọ́mọ kì í da èyí tó já nù, kì í sì í fi rán ọmọ. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ń fi í sí, nínú yàrá, kì í ṣe nídìí kànga tí gbogbo ojú wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wá. Ẹ ní ẹ̀ ń sùn."

Mo gba agolo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń rò," ló wí. Kò gbé ohùn sókè. "Tó bá jẹ́ èmi ni, tí mo dé ìlú tí mi ò mọ èèyàn, èmi náà á rò ó. Ṣùgbọ́n màá béèrè. Ọ̀rọ̀ làpálàpá yẹn ni kò dáa. Ẹ rí orí ọmọ mi. Ẹ tún rí òòyà mi."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ẹ kàn ṣí i tí ẹ bá débẹ̀, kí ọkàn yín lè balẹ̀." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Ọmọ yín ti sọ fún mi pé ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n bí òun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yín dà?"

A jáde. Ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó na ọrùn sókè, gèlè kékeré náà lórí. Ó ń bi ọmọ mi pé ṣé Ifọ̀ jìnnà. Ọmọ mi wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí mọ́tò akẹ́rù ti àkọ́kọ́, àti Sátidé tí a kò lọ. Ó yí padà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe Ifọ̀," ló wí. "Ìbàfò ni. Mọ́mì ni kò fẹ́ kí ẹ mọ̀."

Onídìrí kọ́kọ́ wò mí, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ìbàfò? Ìbàfò yìí náà? Ẹ kú ìrìn àjò o, àǹtí."

Títí a fi dé Ìbàfò, mo gbé agolo náà sí àárín ẹsẹ̀ mi, mi ò jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí ọkàn mi ti balẹ̀. Ó yẹ kí ojú kàn máa tì mí. Ojú sì ń tì mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ṣe já ẹrù tán, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, mo sì kà á. Ìgbà mẹ́ta ló di irun fún ọmọ mi. Mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n fi òwú dúdú dì. Ẹ̀kẹrin, òwú pupa.

Mo fà sẹ́yìn. Ìbẹ̀rù tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀ ní Mówè tún dé, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ohun tó fẹ́ fi rán mi láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí? Ṣé ìdí tó fi ní kí n ṣí i nìyẹn? Mo pe ọmọ mi pé kí ó jìnnà. Ó sún mọ́ ọn dípò kí ó jìnnà.

"Ti ọ̀rẹ́ mi nìyẹn," ló wí.

"Èwo?"

"Èyí tó pupa. Ìyá rẹ̀ tú irun rẹ̀ lánàá, mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n ní kí n wá. Wọ́n ní ti ọ̀rẹ́ mi máa wà lọ́wọ́ ìyá mi, kí ọkàn ìyá mi lè balẹ̀."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ẹrù. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní. Ó mọ gbogbo ohun tí mo rò nípa rẹ̀, ó mọ ohun tí mo fi ọmọ rẹ̀ pè, ó sì gbà pé mo ń sá lọ sí Ifọ̀. Síbẹ̀ ó di irun ọmọ náà, ó fi í lé mi lọ́wọ́, èmi tí mo gbà gbọ́ pé irun ọmọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbìyànjú láti mọ ohun tó ń ṣe mí. Kì í ṣe ìdùnnú. Kì í tilẹ̀ ṣe ìtìjú nìkan. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gbé ọmọ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ láìbéèrè, tí o kò sì rí ibi gbé e sí.

Mo ju àwọn mẹ́ta sínú ṣáláńgá. Ẹ̀kẹrin, mi ò lè jù ú. Mi ò lè sun ún, mi ò lè fi í sílẹ̀ nínú ilé, mi ò sì lè fi rán ọkọ mi lọ sí Mówè. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fi í sí, nínú yàrá. Mo ti mọ òfin náà báyìí.

"Lọ́jọ́ Sátidé," ni mo sọ fún ọmọ mi, "a máa lọ sí Mówè."

Ó ti gbọ́ Sátidé lẹ́nu mi rí.

Sátidé dé, a wọ bọ́ọ̀sì. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí a fi débẹ̀. Onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òòyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí orí kankan láàárín orúnkún rẹ̀. Obìnrin méjì tó ń gbé inú ilé ń ṣa ẹ̀wà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo kí i. Ó ní kí n dìde, ó sì wọlé, mo tẹ̀ lé e. Mo fi èyí tó pupa lé e lọ́wọ́. Ó tú u, ó wò ó dáadáa, ó tún fi ìka yà á wò.

"Mò ń wò ó bóyá ẹ ti yọ díẹ̀ pa mọ́," ló wí.

Mi ò mọ̀ bóyá eré ló ń ṣe. Títí di òní, mi ò tíì mọ̀.

Nígbà tí a jáde, mo ṣí gèlè mi níwájú àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ní kí ó bá mi di irun mi.

"Ṣé ẹ mú òòyà wá?" ni Onídìrí bi mí. Àwọn obìnrin náà gbé orí sókè.

"Rárá, mà. Tiyín ni mo fẹ́."

Ó fẹsẹ̀ ti àpótí sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn ilé, nídìí kànga, mo gbọ́ tí àwọn ọmọ méjì ń jiyàn lórí bóyá Ìbàfò jìnnà ju Ifọ̀ lọ, mo sì gbọ́ tí ọmọ mi ń sọ pé òun ti dé ibi méjèèjì, òun ni kí wọ́n bi. Òòyà náà wọ orí mi. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í já, ó ń bọ́ sórí aṣọ mi, díẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀, ojú mi sì ń tẹ̀ lé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí," ni Onídìrí wí, ó fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n mi sókè, "ẹ yéé wolẹ̀. Ọ̀nà yín ń wọ́."